Ìdajì Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Mọ̀

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan wà tí gbogbo ẹbí wa ní Tamale ń pè ní ọ̀mọ̀wé. Kì í ṣe pé ó kàwé ju àwọn yòókù lọ. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, lítíréṣọ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama láti ìgbà tí mi ò tíì ní ewú lórí, kò sì sí ẹni tó pè mí ní ohun kan ju tíṣà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yìí mọ ọ̀rọ̀ sọ. Àbí kí n sọ pé ó mọ bí a ṣe ń pẹ́ lórí ọ̀rọ̀. Kumasi ló dàgbà sí, Accra ló ti ṣiṣẹ́, ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé òun ní ilé bàbá ní Tishigu, àdúgbò wa ní Tamale. Ó dé pẹ̀lú agbádá funfun tí wọ́n fi sítáàṣì sí títí ó fi le bíi páálí, ó sì gba ipò agbẹnusọ ẹbí láìsí ẹni tó fi fún un.

Kò níṣẹ́ méjì láàárín wa ju kí ó máa kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà jọ, bí ẹni ń ṣa máńgòrò tó já sílẹ̀ lábẹ́ igi onígi. Kì í gun igi, kì í sì í bi onígi léèrè. Tó bá ti gbọ́ gbólóhùn tó dùn létí, yóò gbé e lọ, bí ó bá di ọjọ́ tí èrò pé jọ, yóò tú u sílẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi ìpàdé àwọn ọmọ Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ wa kì í dá a dúró. Ta ni yóò dá a dúró nínú wọn? Tishigu àti Gurugu ni wọ́n bí wọn sí. Bí o bá fi Yorùbá kí wọn, Dagbani, èdè àwọn Dagomba onílẹ̀, ni wọn yóò fi dá ọ lóhùn, tàbí Haúsá, tàbí òyìnbó. Wọ́n ń gbọ́ ọ, ẹnu wọn ni kò lè gbé e. Níwájú irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ti lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ láìfi òyìnbó là á láàárín, ọba ni.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan, ó wá kí ìyá mi. Ìyá mi ti dàgbà, abẹ́ igi dòńgóyárò tó wà láàárín ọgbà wa ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí a ṣe jókòó tì í, obìnrin aládùúgbò kan wọlé, ó ní kí a yá òun ní ìkòkò ńlá tí a fi ń se túwò fún èrò. Ó gbé e, ó lọ. Gbogbo wa mọ obìnrin náà. Ohun tó bá yá kì í padà wálé àfi bí èèyàn bá lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e. Ìyá mi wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí ó fi jáde, ó ní, “Ẹ ti gbé kọ́kọ́rọ́ ọ̀rẹ́ fún un nìyẹn.”

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín ju gbogbo wa lọ. Ó wá ń tún ọ̀rọ̀ náà wí lábẹ́ ahọ́n, bí ẹni tí wọ́n bu kókó gbígbóná fún.

“Kọ́kọ́rọ́ ọ̀rẹ́! Háà, ìjìnlẹ̀ rèé. Kọ́kọ́rọ́ ọ̀rẹ́!”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìtàn wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Ẹ jẹ́ kí Ìyá sọ ọ́ fún yín.”

Ó ju ọwọ́ sí mi. “Mo ti mọ̀ ọ́n. Ìfọkàntán ni. Ṣé ẹni téèyàn kò bá fọkàn tán ni èèyàn máa fún ní kọ́kọ́rọ́?”

Ìyá mi wò ó díẹ̀. Ó mú tẹ̀súbáà rẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń kà á lọ. Kì í kọ́ ẹni tó bá ti sọ pé òun mọ̀.

Ìtàn náà rèé. Àbúrò bàbá ìyá mi ló ni kọ́kọ́rọ́ yẹn. Aṣọ ló ń tà. Ó kọ́ ilé sí Tishigu, ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, tó ní fàráńdà níwájú. Ó ní ọ̀rẹ́ kan, ọmọ Dagomba, ará Sagnarigu nítòsí wa, inú àwo kan náà ni àwọn méjèèjì ti ń jẹun. Nígbà tí ìjọba ayé ìgbà náà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé jáde ní Ghana, àwọn èèyàn wa kó ohun tí orí lè rù, wọ́n sì lọ. Àbúrò bàbá ìyá mi ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ ní, “Máa lọ. Títí o ó fi dé, kò sí ẹni tí yóò sùn níbẹ̀.” Ọdún gorí ọdún kí ó tó rí ọ̀nà padà. Ìgbà tó dé, àwọn èèyàn mìíràn ló bá nínú ilé. Ó gba Sagnarigu lọ. Ọ̀rẹ́ jáde sí i, ó wò ó lójú, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Níwájú aya, níwájú ọmọ. Yàrá tí wọ́n yá a gbé ni àbúrò bàbá ìyá mi kú sí.

Láti ìgbà náà, nínú ilé ìyá mi, ohun tó bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ tí o kò ní fojú kàn mọ́, kọ́kọ́rọ́ ọ̀rẹ́ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀, kọ́kọ́rọ́ ni yóò gbọ́, ọ̀rẹ́ ni yóò gbọ́, ọ̀rọ̀ rere méjì. Èyí náà ni ẹ̀gbọ́n mi gbọ́. Ọ̀dọ̀ bàbá ni èmi àti òun ti tan, ìtàn ìhà ìyá mi kò dé ọ̀dọ̀ wọn ní Kumasi. Àìmọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n gbé àga fún ọ pé kí o jókòó gbọ́, kí o ní o ti gbọ́, òun ni mi ò lè fojú ire wò.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ló tọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa lọ, ó ní òun fẹ́ bá àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wa fẹ́ràn agbádá. Ó gbà. Kíláàsì mi ni wọ́n mú un wá. Orí ẹ̀kọ́ tí a wà nígbà náà ni èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní àlúṣọ̀n, tí èmi máa ń pè ní ìtọ́kasí bí mo bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn díẹ̀ tó gbọ́ ọ nínú wọn: kí èèyàn sọ̀rọ̀ kan pẹ́rẹ́, kí ọ̀rọ̀ kékeré náà sì fa ìtàn ńlá jáde lọ́kàn ẹni tó ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú pátákó, ó gbá etí agbádá sókè. Ó ní ìtọ́kasí dà bíi ṣúgà nínú kókó. Ó ní bí èèyàn bá ṣe dà á sí i tó ni ayé yóò ṣe mọ̀ pé ó kàwé tó. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n á kọ ohunkóhun sílẹ̀, bí o bá fi ohùn gíga sọ ọ́. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé nawọ́.

“Sà, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ kò bá mọ ìtàn tí wọ́n ń tọ́ka sí ńkọ́?”

“Ìtìjú tirẹ̀ ni,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Kí ó lọ kàwé sí i.”

“Tí ẹni tó ń sọ ọ́ ni kò bá mọ̀ ọ́n ńkọ́?”

Ó wo ọmọ náà bí ẹni pé ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ bí i. Ó ní irú ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀. Ó yí padà sí mi, ó ní, “Àbúrò, àwọn ọmọ rẹ yìí fẹ́ràn ìbéèrè jù.”

Nígbà tó lọ tán, mo ní kí wọ́n fa ilà lé ohun tí wọ́n kọ. Mo bi wọ́n ohun tí wọ́n ń wí bí ẹnìkan bá sùn nínú kíláàsì. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Ó ti gorí pèpéle!” Olórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló sùn lórí pèpéle níjọ́sí, níbi tí àlejò pàtàkì ti ń sọ̀rọ̀, tó hanrun títí èrò fi dákẹ́. Mo ní, “Bí àjèjì bá wọlé báyìí tó gbọ́ pé ẹnìkan gorí pèpéle, kí ni yóò rò?” Wọ́n ní yóò rò pé wọ́n dá ẹni náà lọ́lá ni. Mo ní, “Bí ó bá wá fẹ́ yin ọ̀gá yín, tó dìde láàárín ìpàdé òbí tó ní ọ̀gá yín ti gorí pèpéle ńkọ́?” Ẹ̀rín pa wọ́n. Ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé kò rẹ́rìn-ín, ó kàn mi orí. Mo mọ̀ pé ó ti yé e. Mo sọ fún wọn pé ìtọ́kasí kì í ṣe ṣúgà. Ìdajì ọ̀rọ̀ ló wà lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́, ìdajì kejì ti wà nínú ẹni tó ń gbọ́ ọ kí ó tó la ẹnu rárá. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú ẹlòmíràn, kí ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ó jọ pé mo kọ́ kíláàsì náà dáadáa. Ẹni tó yẹ kó gbọ́ ọ ti wà lójú ọ̀nà Tishigu, ó ń lọ sílé.

Ní ọdún yẹn ni ọmọbìnrin tí àbúrò mi ọkùnrin tó ti dolóògbé bí sọ pé òun ti rí ọkọ. Ilé wa ló dàgbà sí, iṣẹ́ agbẹ̀bí ló ń ṣe. Ọmọkùnrin náà ń fi pánẹ́ẹ̀lì iná oòrùn sórí ilé kiri ìlú, ọmọ Dagomba ni, Sagnarigu ni ilé wọn. Ìyá mi bi í léèrè ilé wo ní Sagnarigu. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́. Ìyá mi ń ka tẹ̀súbáà rẹ̀ títí tí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí ìborùn rẹ̀. Ọmọ ọmọ ọ̀rẹ́ oníkọ́kọ́rọ́ ni ọkọ tó mú wá.

Ìyá mi sọ ọ́ fún un, kò fi kan ṣoṣo pamọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ìwọ àti ọmọkùnrin yìí kò sí níbẹ̀. Èmi kò ní fi ọ̀rọ̀ òkú dí ọ̀nà alààyè. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe jí i.” A fẹnu kò lórí rẹ̀ pé bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ, ẹnikẹ́ni kò ní mẹ́nu ba ilé, kò ní mẹ́nu ba ìgbà tí wọ́n lé wa.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìtọrọ, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi nílé rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan wà láàárín ilé ìyá mi àti ilé ọkọ. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín kúrú lọ́la. Ẹ kí wọn, ẹ gba obì gorò, ẹ ṣàdúà.”

“Ọ̀rọ̀ àtijọ́ wo?”

“Ẹ jókòó kí n sọ ọ́.”

Ó wo aago. “Wọ́n ń retí mi níbì kan. Àbúrò, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ ni? Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú àwọn mínísítà.”

Mo padà sílé. Mo ti rí àwọn mínísítà wa, kò yà mí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Àwọn ọkùnrin wọ sìmọ́ọ̀kì aláràbarà, ẹ̀wù òfì ilẹ̀ Dagomba, àwọn obìnrin gbé igbá gorò, wọ́n gbé aṣọ. Láàárín wọn ni ìyá àgbà ọmọkùnrin náà wà, Hàjíà ni gbogbo ayé ń pè é, opó ọ̀rẹ́ oníkọ́kọ́rọ́ gan-an. Ó gbó ju ìyá mi lọ díẹ̀, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì tẹ̀. Ìyá mi àti òun kí ara wọn ní Haúsá, wọ́n béèrè ara, wọ́n béèrè ilé. Ó lọ dáadáa. Mo rò pé Ọlọ́run ti bá wa ṣe é.

Haúsá ni wọ́n fi ń bá a lọ, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Ìgbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, ó dìde, ó gbá etí agbádá méjèèjì lé èjìká, ó ní Yorùbá lòun yóò kọ́kọ́ fi ṣí i, kí àwọn àna lè mọ̀ pé a ní èdè. Ó wúkọ́ díẹ̀. Ó yin ojú ọjọ́. Ó yin àwọn bàbá ńlá wa tó ti Ìlọrin rìn wá, bí ẹni pé òun ló gbé ẹrù wọn. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ọmọ wa, ó ní:

“Ẹ̀yin àna wa, a fi ọmọ yìí lé yín lọ́wọ́ lónìí bí kọ́kọ́rọ́ ọ̀rẹ́! Bí àwọn bàbá wa ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń lọ, tí ọkàn wọn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn wa balẹ̀ pé ọwọ́ yín ni yóò wà títí!”

Orí ara rẹ̀ ló ti hun ìtàn àwọn bàbá yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ wa pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbọ́ “ọ̀rẹ́,” ó tó wọn. Ìyá mi di ojú rẹ̀. Ọmọ wa tí wọ́n fi aṣọ bò lórí rọra gbé aṣọ náà kúrò, ó ń wò mí.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ni bóyá àwọn àna gbọ́ Yorùbá. Tishigu ni Hàjíà ti ta òrí pẹ̀lú àwọn ìyá wa láti ìgbà ọmọge. Ó ti ń fi Yorùbá bá wọn jà, tó ń fi bá wọn ṣeré, kí wọ́n tó bí mi. Gorò kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ là. Ó dá a padà sínú igbá.

“Ọ̀rẹ́ wo?” ni ó bi í ní Yorùbá. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín ayọ̀. Ó rò pé àwíyé òun ti wọlé. “Háà, Hàjíà gbọ́ Yorùbá! Ọ̀rẹ́ òtítọ́ ni o, Hàjíà! Irú ọ̀rẹ́ tí kì í gbàgbé ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀!”

Bí ó bá jẹ́ pé ó fi odindi ọdún kan wá ọ̀rọ̀ tó burú jù lọ láti sọ, kò ní rí èyí. Hàjíà dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sọ gbólóhùn kan ní Dagbani fún àwọn èèyàn rẹ̀. Gbogbo wọn dìde. Ọmọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìyá àgbà rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé ìyá àgbà. Igbá gorò ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí ẹní.

Ẹ̀gbọ́n mi kọjú sí èrò, ó kéde pé àkókò ìrun ti tó, pé àwọn àna ti lọ kírun, kí a ní sùúrù.

Èrò náà ní sùúrù o. Wọ́n jókòó títí. Nígbà tí ó hàn sí gbogbo èèyàn pé kò sí ẹni tí ń padà bọ̀, wọ́n ń dìde lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò wo ojú wa. Ó wá ku àwa inú ilé. Mo sọ ìtàn kọ́kọ́rọ́ náà fún ẹ̀gbọ́n mi lórí ìdúró, mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́ pé kí ó jókòó. Ó gbọ́ ọ tán. Mo rò pé yóò bẹ ìyá mi. Mo rò pé yóò ká agbádá yẹn kúrò lọ́rùn.

Ó ní, “Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?”

Ìyá mi ló dá a lóhùn. “Ìwọ lo ní o ti mọ̀.”

“Ṣùgbọ́n, Ìyá, bí èèyàn bá wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kò sí àṣìṣe nínú bí mo ṣe gbé e kalẹ̀. Àwọn ará ibí ni kò gbọ́ ìjìnlẹ̀.”

“Hàjíà nìkan ló gbọ́ ọ níbí yìí,” ni mo wí. “Òun ló mọ ohun tí ẹ sọ. Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n.”

Ó ní mo ti ń bínú, pé òun kì í bá ẹni tó ń bínú sọ̀rọ̀. Ó wọ bàtà, ó lọ. Mi ò bínú. Ènìyàn máa ń bínú sí ẹni tó bá lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ohun tó wà nínú mi sí i lọ́jọ́ náà tutù ju ìbínú lọ, ó sì wà níbẹ̀ dòní.

Ọmọ wa kò sunkún. Ó ní kí n gbé òun lọ sí Sagnarigu. Mo ní kí ó jẹ́ kí ọjọ́ díẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, mo gbé e sẹ́yìn alùpùpù mi, eruku ọ̀nà kùn wá títí a fi pọ́n. A bá Hàjíà ní ojúde, ó ń fi ọwọ́ ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Ó ránṣẹ́ kí wọ́n bu omi fún wa. Nígbà tí a mu ún tán ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ balẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá fún ọ lómi kò tíì lé ọ.

Ọmọ wa kúnlẹ̀. Yorùbá rẹ̀ kò dán, ó tiraka. “Màmá, ẹ má bínú. Bàbá yẹn kò mọ̀.”

“Mo mọ̀ pé kò mọ̀,” ni Hàjíà wí. “Ohun tó lé mi jáde nìyẹn. Bí ó bá mọ̀ tó fi bú mi, èmi náà ì bá bú u, mo mọ èébú Yorùbá ju òun lọ. A ó bú ara wa tán, a ó jẹ gorò. Àmọ́ òkú ọkọ mi ló gbé jó láwùjọ, kò mọ̀ pé òkú ni. Kí ni mo fẹ́ sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀?”

Ó ṣa ẹ̀wà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí a kò gbọ́ rí nílé wa. Ó ní ọkọ òun tọ́jú ilé náà, ó ń gbá a, ó ń rẹ́ ògiri rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Ó ní àìsàn kan dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mú kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, tí wọ́n ta ilé náà fún ẹni tó lágbára, tí wọ́n sì jẹ owó rẹ̀ tán kí ó tó lè dìde. Ó ní nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé, inú yàrá ni ọkọ òun ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ojúde, kí ó tó jáde sí i.

“Ó mọ̀ ọ́n,” ni Hàjíà wí. “Ojú ló tì í. Kò lè sọ pé ẹbí òun ni olè, kò sì ní ohun tí yóò fún un. Ó rọrùn fún un láti sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n. Ìwà ojo ni. Mo sọ fún un lọ́jọ́ náà pé ìwà ojo ni, mo sì ń sọ ọ́ fún un títí ó fi kú. Kò jẹun nínú àwo pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́.”

Gbogbo ọdún tí a ti fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín lábẹ́ dòńgóyárò, ojú ẹni tó dúró ní ojúde nìkan ni a fi ń wò ó. A kò ronú kan ẹni tó wà nínú yàrá. Mi ò sọ pé ó jàre. Obìnrin tó fẹ́ ẹ kò dá a láre.

Ọmọ wa bi í pé, “Ẹ ó tún wá, Màmá?”

Hàjíà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. “Èmi yóò wá. Kí ìyá rẹ àgbà gba gorò lọ́wọ́ mi fúnra rẹ̀. Ọkùnrin aláṣọ líle yẹn, kí ó jókòó, kí ó máa jẹun. Ó jọ pé ó mọ̀ ọ́n jẹ.”

Bẹ́ẹ̀ ló rí. Wọ́n padà wá láìsí ariwo, àwọn díẹ̀. Ìyá mi gba gorò lọ́wọ́ Hàjíà, ó là á, ó jẹ, ó fún un ní awẹ́ kan, òun náà jẹ. Mo ti sọ ohun tí a gbọ́ ní Sagnarigu fún ìyá mi, ṣùgbọ́n kò mẹ́nu bà á, Hàjíà náà kò mẹ́nu bà á. Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì. Wọ́n ń jiyàn lórí kànga tí omi rẹ̀ dùn jù ní Tishigu nígbà èwe wọn, ohùn wọn sì ń ga. Nígbà tó yá, máálàmù so yìgì, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n mi wá. Ó jókòó síwájú, ó jẹun dáadáa. Wọ́n ní kí ó má sọ̀rọ̀, kò sì sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ bó ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ló mọ̀ọ́mọ̀ tú egbò àtijọ́ náà kí ó lè jiná. Ẹni náà ń mi orí. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní kí ó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjìnlẹ̀ èdè ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan bí lọ síbẹ̀. Ó ní bàbá náà sọ fún wọn pé ó ṣẹlẹ̀ sí òun rí ní Tamale níbí pé òun fi ìtọ́kasí sọ̀rọ̀ tó ga ju àwùjọ lọ, tí àwùjọ sì dìde. Ó ní wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tọkọtaya náà ti ń gbé ní Gurugu. Wọ́n ti bí ọmọbìnrin kan. Wọ́n máa ń jà lórí ìgbà tó yẹ kí ọkọ sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé ẹlòmíràn wá jẹun, ìjà tó dára nìyẹn. Ó ti ń rẹ Hàjíà díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi máa ń ránṣẹ́ kí i, kì í lọ fúnra rẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun.

Ìgbà tí mo rí ẹ̀gbọ́n mi kẹ́yìn, níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Tishigu ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, wọ́n ti bu ẹran síwájú mi. Mo rí i tó dìde, tó gbá agbádá lé èjìká, tó sì wúkọ́ díẹ̀. Mo fi ẹran náà lé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́wọ́, mo wá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù mi nínú báàgì, mo sì lọ ra wáàgáṣì, wàrà díndín, ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ó gbóná, ata rẹ̀ pọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo jẹ ẹ́ tán.